I. B. Thomas, Olóòtú Tó Kọ Ìtàn Sẹ̀gilọlá

Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé tí wọ́n ti ń kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ní Ẹdẹ bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dárúkọ bí wọ́n bá béèrè ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tó jáde ní 1938. Ìdáhùn náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí kò sí òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ tó ti Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ó gbójú fo ìwé kan tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Èkó láti 1930, ó sì gbójú fo ọkùnrin tó kọ ọ́. Orúkọ ìwé náà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, orúkọ ọkùnrin náà sì ni Isaac Babalọlá Thomas, akọ̀ròyìn tó jẹ́ olóòtú àti olówó Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó dá sílẹ̀ ní 1928.

Ohun tí ìtàn àròsọ túmọ̀ sí níbí ni ìtàn gígùn tí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ geere gbé kalẹ̀, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń gbé ayé tí òǹkàwé lè dá mọ̀, tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan sì ń fa òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àlọ́ ti wà láàrin Yorùbá kí ìwé tó dé, ìtàn ìlú àti oríkì sì ti wà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé bíi The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ti fi hàn pé ìtàn lè gùn lórí ìwé. Ìtàn àròsọ yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Kókó tí ìgbésí ayé Thomas sì fi múlẹ̀ ni pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò kọ́kọ́ dé sí èdè Yorùbá láti inú ìdíje tàbí láti inú ilé ìwé, bí kò ṣe láti orí tábìlì olóòtú tó ní ojú ewé láti kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì mọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ bí ẹni mọ ará ilé.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí Thomas. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1886, ni àwọn tó ń jagun Kírìjì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká pátápátá ní apá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Èkó ní tirẹ̀ ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, ó sì kún fún àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sàró kí wọ́n tó padà wálé, àti àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé. Orúkọ ìdílé tó jọ ti Òyìnbó kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ ní ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí ìrìbọmi àti ilé ìwé ti sọ irú orúkọ náà di ohun gbogbogbòò láàrin àwọn onígbàgbọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀ràn Thomas ni pé ìran tí ó bá bọ̀ ni ìran kìíní tó lè ka Bíbélì tán ní èdè Yorùbá láti kékeré, nítorí ọdún 1884 ni iṣẹ́ ìtumọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther ti ń darí láti ọdún pípẹ́ wá di odindi. Ẹni tó bá ka ohun tí Thomas kọ lẹ́yìn náà yóò rí i pé èdè Bíbélì yẹn, pẹ̀lú orin ìjọ àti ìwàásù, ti wọ inú egungun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orin òpópónà Èkó náà kò jìnnà sí i lẹ́nu.

Kò sí bí Thomas ṣe lè kọ ohun tó kọ bí àwọn kan kò bá ti la ọ̀nà ìwé ìròyìn sílẹ̀ dè é. Ní 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ní ọgọ́fà owó ẹyọ. Ìwé ìròyìn náà wà títí di 1867, nígbà tí rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé lé àwọn Òyìnbó kúrò ní ìlú náà. Lẹ́yìn rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Èkó fún bí àádọ́ta ọdún, títí di ìgbà tí àwọn ọdún 1920 mú àyípadà dé kíákíá. Adéoyè Dénígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ẹlẹ́tí Ọfẹ ní 1923, akéwì D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, E. M. Awóbíyìí sì dá Èkó Ìgbẹ̀yìn sílẹ̀ ní 1926. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo èdè méjì, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé kan náà. Inú agbo yìí ni Thomas wọlé pẹ̀lú Akéde Èkó, tí ó sì fi pẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agbo náà lọ, nítorí ìwé ìròyìn tirẹ̀ wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Orúkọ tó yàn fún un kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ẹni tó bá mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn ní ìlú Yorùbá. Ní Ẹdẹ, bí ó ti rí ní ìlú aládé gbogbo, ẹni tó ń lu agogo kiri òpópónà láti kéde ọ̀rọ̀ ààfin ni akéde, ẹni tó sì gbọ́ ìlù dáadáa mọ̀ pé dùndún náà ń ròyìn. Tìmì Adétóyèsé Làóyè, tó jọba ní Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, tó mọ ìlù lù ju ọ̀pọ̀ àyàn lọ, tilẹ̀ kọ àlàyé lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, kí àwọn tó ń gbọ́ ìró lásán lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó fi ọ̀nà tuntun kún àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, ó sì mú kí ó ṣeé ṣe fún ohun tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó láti dé ọwọ́ akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò tó wà ní apá Ọ̀ṣun láìpẹ́ ọjọ́. Àwọn tó lè kàwé kò pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àṣà ìgbà náà ni pé kí ẹni kan tó mọ̀wé máa kà á sókè fún àwọn tó yí i ká, débi pé ẹ̀dà kan ṣoṣo lè dé etí gbogbo agboolé.

Èkó tí Thomas ń kọ ìròyìn rẹ̀ kún fún ìjà òṣèlú. Òfin tuntun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1922 ti fún àwọn ọkùnrin Èkó tó bá ní iye owó kan ní àǹfààní láti dìbò yan àwọn aṣojú díẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Herbert Macaulay sì dá ẹgbẹ́ N.N.D.P. sílẹ̀ ní 1923 láti jà fún àwọn ipò náà. Ọ̀ràn tó pín ìlú sí méjì jù lọ ni ti Ọba Èṣùgbàyí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Elékò, tí ìjọba yọ lóyè tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Ẹjọ́ rẹ̀ rìn títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di 1931 kí ọba náà tó padà sí Èkó. Ní gbogbo oṣù tí ìtàn Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ fi ń jáde bíi lẹ́tà nínú Akéde Èkó, láti 1929 sí 1930, Elékò ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Ìgbésí ayé obìnrin kan tó ń ké nípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti ìròyìn ọba tí wọ́n lé kúrò lórí oyè jọ wà nínú ayé kan náà, lójú òǹkàwé kan náà. Kò sì yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé náà lónìí gbàgbé ìyẹn, nítorí Sẹ̀gilọlá kò sọ̀rọ̀ nínú òfìfo.

Iṣẹ́ olóòtú irú ìwé ìròyìn yìí kò jọ ti ọ́fíìsì ńlá òde òní. Ẹni kan náà ló sábà máa ń wá owó, tó ń wá ìpolówó ọjà, tó ń kọ ọ̀rọ̀ olóòtú, tó ń ka lẹ́tà tí àwọn ènìyàn kọ ránṣẹ́, tó sì tún ń yẹ ohun tí àwọn atẹ̀wé tò wò kí ó tó jáde. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé wà lára ẹran ara irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun àfikún: wọ́n á kọ̀wé láti kí olóòtú, láti bá a jiyàn, láti ròyìn ìgbéyàwó àti òkú àgbà, láti bú ọ̀tá wọn lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ. Ẹni tó bá ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè fèsì. Thomas lóye àṣà yìí dé gbòǹgbò, ohun tó sì fi òye náà ṣe ní oṣù Keje ọdún 1929 kò tíì sí irú rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, Akéde Èkó gbé lẹ́tà kan jáde tó dà bíi pé òǹkàwé kan ló kọ ọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé, ló ń kọ̀wé sí olóòtú pé àìsàn ti dá òun wó, pé ikú kò jìnnà sí òun mọ́, àti pé òun fẹ́ kí ìwé ìròyìn náà bá òun tẹ ìtàn ìgbésí ayé òun jáde kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó ní orúkọ náà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ òun. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1930, bí lẹ́tà kan bá ti jáde ni òmíràn ń tẹ̀ lé e, títí tí wọ́n fi tó bí ọgbọ̀n. Orúkọ Thomas kò sí lábẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ wọ́n. Ipò olóòtú ló dúró sí, bí ẹni tó gba àṣírí obìnrin kan tó sì ń pa á mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀.

Ìtàn tí lẹ́tà wọ̀nyí sọ kò nira láti tẹ̀ lé. Sẹ̀gilọlá jẹ́ ọmọ Èkó tí wọ́n bí sí ìdílé tó bójú mu, tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ líle tọ́, tó mọ orin ìjọ, tó sì lẹ́wà débi pé ẹwà náà ni ó di ìdẹkùn rẹ̀. Ó wọlé ọkọ, ó da ọkọ, ó sá tẹ̀ lé ọkùnrin kan, ó tún fi ìyẹn sílẹ̀ fún òmíràn, owó ń wọlé, owó ń jáde, ayẹyẹ ń lọ ayẹyẹ ń bọ̀, títí tí ara fi bàjẹ́ tí àwọn tó ń bá a jẹ tí wọ́n ń bá a mu fi tú ká mọ́ ọn lórí. Ní gbogbo ìgbà tó ń ròyìn ayẹyẹ wọ̀nyẹn ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tó ń sunkún, tó ń kìlọ̀. Ẹni tó bá wo ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìwàásù nìkan kò ní ṣìnà pátápátá, nítorí ìkìlọ̀ fún ọ̀dọ́bìnrin wà níbẹ̀ ní gbangba. Àmọ́ agbára ìwé náà wà ní ibòmíràn.

Agbára náà wà nínú bí ohùn Sẹ̀gilọlá ṣe kún. Obìnrin tó ń ronúpìwàdà ni, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ibi tí ó ti ń rántí aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ báyìí, orin tí wọ́n kọ nígbà tí ó ń jó lọ ní òpópónà, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wò ó àti bí ó ṣe tàn wọ́n jẹ, ohùn rẹ̀ a máa gbé sókè, adùn ìgbà èwe a sì gba ìwé náà mọ́ ẹkún lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí ipò tó wà, a sì padà sí ẹsẹ Bíbélì, sí òwe, sí orin ìjọ. Thomas kò gbìyànjú láti yanjú ìjà tó wà láàrin ohùn méjèèjì. Ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jà láti lẹ́tà kan dé òmíràn, ìdí nìyí tí òǹkàwé fi gbà pé ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, nítorí bí ènìyàn ṣe ń rántí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn: ìtìjú àti adùn kì í jìnnà síra wọn. Kò sí ohun tó fi hàn ju èyí lọ pé òǹkọ̀wé gidi ni olóòtú Akéde Èkó.

Ohun kejì tó mú ìwé náà lágbára ni Èkó fúnra rẹ̀. Àwọn orin tí Sẹ̀gilọlá ń rántí jẹ́ orin tí àwọn ará ìlú kọ nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ kan tàbí òmíràn, tí àwọn àgbà tó ń ka Akéde Èkó ní 1929 sì mọ̀ dáadáa. Ojú pópó, ilé ìjọsìn, ọjà àti àṣà ìgbéyàwó inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n lè nàka sí. Ó ń bá wọn rántí ìgbà èwe tiwọn nígbà tó ń ròyìn tirẹ̀. Fún òǹkàwé òde òní, ìwé náà ti di àká kan tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹnu Èkó sí, láti ìgbà tí rédíò kò tíì sí ní ilẹ̀ Nàìjíríà: bí obìnrin ṣe ń bú orogún, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ṣe fáàrí láàrin Yorùbá. Ìwé ìtàn tí ìjọba kọ kò kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́, ilé ìwé kò sì ka irú rẹ̀ sí ohun tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ìhà tí àwọn òǹkàwé kọ sí lẹ́tà náà ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ nípa ìtàn àròsọ ronú lé lórí jù. Ọ̀pọ̀ gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè. Wọ́n kọ̀wé sí i nípasẹ̀ olóòtú láti bá a kẹ́dùn, láti dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn rẹ̀, láti sọ bí ìtàn rẹ̀ ṣe kan ọ̀rọ̀ ilé tiwọn. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ṣe ìrànwọ́ fún obìnrin aláìsàn náà. Akéde Èkó ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde, Sẹ̀gilọlá náà sì lè fèsì nínú lẹ́tà tó kàn, débi pé ìtàn náà ń dàgbà bí àwọn ènìyàn ṣe ń dá sí i. Kì í ṣe pé àwọn ará Èkó gọ̀. Wọ́n ti mọ lẹ́tà sí olóòtú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó ti ọwọ́ ènìyàn gidi wá, wọn kò sì tíì rí i rí ní èdè wọn pé kí ẹnì kan fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sọ ìgbésí ayé ẹni tí kò sí. Thomas kò ní láti wá ọ̀nà tí yóò fi mú wọn gbà á gbọ́, nítorí ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Bí ìtàn ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀ náà kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá jókòó sí kọ̀rọ̀ kọ odindi ìwé kò lè tètè kọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní láti parí sí ibi tí òǹkàwé yóò fi fẹ́ ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àsọtúnsọ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nítorí ẹni tó bá pàdánù ìpín kan. Òǹkọ̀wé sì ní láti máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lórí èyí tó ti jáde. Bí òǹkàwé òde òní bá ń rò pé ìwé náà ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ jù, kí ó rántí pé kì í ṣe ìjókòó kan ni wọ́n fi kà á ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni. Lẹ́yìn tí lẹ́tà ìkẹyìn jáde ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1930.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ ní igba ọdún àti díẹ̀ ṣáájú. Daniel Defoe, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìwé rẹ̀ Robinson Crusoe kún ọ̀kan lára àwọn ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ akọ̀ròyìn tó ti dá The Review kọ láti 1704 títí di 1713 kó tó gbé ìwé náà jáde ní 1719. Òun náà kọ ọ́ bíi pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń ròyìn. Ní 1722 ó gbé Moll Flanders jáde, ìtàn obìnrin tó gbé ayé ìṣekúṣe àti olè jíjà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ ogbó. Ìjọra náà ní ìdí: ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà Defoe àti ní Èkó ìgbà Thomas, ìlú ńlá kan ti kún fún àjèjì, ìwé ìròyìn ti pọ̀, àwọn tó mọ̀wé kà láìjẹ́ ọ̀mọ̀wé ti ń pọ̀ sí i, akọ̀ròyìn ló sì kọ́kọ́ mọ̀ pé irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa ẹni tó jọ aládùúgbò wọn.

Bí Sẹ̀gilọlá ṣe tóbi tó nínú iṣẹ́ Thomas, òun nìkan kọ́ ló kọ. Thomas jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóòtú tó máa ń rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òkè, tí wọ́n á sì kọ ìròyìn ìrìn àjò náà sínú ìwé ìròyìn wọn: ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, ẹni tó gbà wọ́n lálejò, ọba tí wọ́n kí, ohun tí wọ́n rí tó yàtọ̀ sí ti Èkó. Ìdí òwò wà nínú rẹ̀, nítorí olóòtú ní láti wá aṣojú àti oníbàárà sí ìlú tí ìwé ìròyìn rẹ̀ fẹ́ dé. Ṣùgbọ́n irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tún ń kọ́ àwọn ará Èkó, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà láti máa wo ara wọn gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé ìwé kan náà ní èdè kan náà, ní àkókò tí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà. Ó tún kọ ìwé lórí ìgbésí ayé Herbert Macaulay, olóṣèlú tó kú ní 1946, èyí tó fi hàn pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìgbésí ayé ẹni tí kò sí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àkójọ ti ẹni tó wà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tètè rí ohun tó ṣe. Akíntàn ti Ẹlẹ́tí Ọfẹ gbé ìtàn àròsọ tirẹ̀ jáde ní 1931, Ìgbẹ̀yìn Á Dùn tàbí Ọmọ Òrukàn, ìtàn ọmọ aláìlóbìí. Ó yẹ kí ọ̀nà tí àwọn olóòtú méjèèjì là di ọ̀nà gbòòrò, àmọ́ nígbà tí ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ gbé ìdíje ìwé kalẹ̀ ní àárín ọdún 1930 sí 1940, tí ìtàn ọdẹ Fágúnwà sì jáde nípasẹ̀ rẹ̀ ní 1938, ojú ọ̀nà yí padà. Iwin, ọdẹ àti igbó irúnmalẹ̀ gba ipò Èkó àti òpópónà rẹ̀. Ìtàn Fágúnwà bá ilé ìwé mu: ó ní ìwà ọmọlúwàbí nínú, ó jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, olùkọ́ sì lè kà á sókè fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láìṣe wàhálà. Obìnrin tó pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ kò lè wọ yàrá ìkàwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi Fágúnwà, ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ kò ṣeé bù kù. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ló ń pinnu ìwé tí ìran kan yóò rántí, ilé ìwé sì rántí èyí tí ó rà. Ọdún kan náà, 1963, ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kú.

Ó ṣe díẹ̀ kí ìtàn àròsọ nípa ìlú ńlá àti ìwà ọ̀daràn inú rẹ̀ tó tún rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní èdè Yorùbá, nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde láti ọwọ́ Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Nínú ọ̀ràn tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó ń jẹun nípa sísọ̀rọ̀ sí etí àwọn ará ìlú lójoojúmọ́ ló di olùkọ̀tàn.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá kan kò gbàgbé Sẹ̀gilọlá, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lórí rẹ̀ ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàrin ọdún 1970 sí 1980 ló ti gbé ní Òkukù, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo, níbi tó ti kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà. Ó tún ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù jáde ní 1991. Ní 2012 ló gbé ìwé mìíràn jáde tó kó gbogbo lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jọ ní Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó fi àyọkà láti inú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kún un, tó sì ṣàlàyé bí ìwé ìròyìn Èkó ṣe bí ìtàn àròsọ. Ẹni tó ti gbọ́ bí obìnrin Òkukù ṣe ń ki oríkì láìní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pàtó ló rí i pé lẹ́tà Sẹ̀gilọlá náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dúró de ìdáhùn.

Ilé iṣẹ́ Brill ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ló tẹ ìwé náà, owó rẹ̀ sì kọjá ohun tí ilé ìwé girama kan ní Ẹdẹ tàbí ní Ìrẹsì lè san. Àkọtọ́ tí Thomas lò jẹ́ ti ìgbà tirẹ̀, nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn kò sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń kọ aiyé àti enia. Ọmọ tó kọ́ àkọtọ́ òde òní lè kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀dà kan tí wọ́n bá fi àmì ohùn sí, tí wọ́n ṣe àlàyé díẹ̀ sí abẹ́ àwọn orin àti ìṣẹ̀lẹ̀ Èkó inú rẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo sì tẹ̀ ní iye tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà, ni ohun tó kù tí ìwé náà nílò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti dàgbà tó láti gbọ́ ohun tí Sẹ̀gilọlá ní í sọ, ìbéèrè tí ó sì gbé kalẹ̀ nípa ọkọ, owó, ẹwà àti ọjọ́ ogbó kò tíì di ti àtijọ́ ní ìlú Yorùbá kankan.